Iṣẹ́ Tó Ń Súni àti Iṣẹ́ Tó Ń Kó Wàhálà Báni: Èwo Ló Burú Jù?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà níbí, mo kí gbogbo yín pátá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá bá yín sọ lónìí, ọ̀rọ̀ tó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́ ni, pé láàárín iṣẹ́ tó ń súni, téèyàn á kàn jókòó máa wo aago látàárọ̀ dalẹ́, àti iṣẹ́ tó ń kó wàhálà báni, téèyàn ò ní ráyè mí, èwo gan-an ló burú jù. Àwọn tí iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé iṣẹ́ tó ń súni yẹn wá, ká lọ fi sinmi. Àwọn tó jókòó lásán náà á ní ẹ ò mọ ohun tójú wa ń rí, ó sàn kí iṣẹ́ pọ̀ ju kó má sí lọ. Kálukú gbà pé ti ẹnì kejì ló dẹrùn.

Èmi ní ibi tí mo dúró sí lórí ọ̀rọ̀ yìí, màá sì sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe sí èèyàn, torí ibi tí ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn yìí ti ń dàrú ni pé a kì í wò ó dáadáa ká tó dájọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí wàhálà. Tí nǹkan bá já èèyàn láyà lẹ́nu iṣẹ́, bóyá ọ̀gá kàn pariwo orúkọ ẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ọ́fíìsì, tàbí ìmeèlì kan ṣàdédé wọlé ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ pé kó wá rí àwọn láàárọ̀ Mọ́ńdè, nǹkan méjì kéékèèké kan wà tó jókòó sórí kíndìnrín wa, wọ́n á tú kẹ́míkà ara tí wọ́n ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, àyà á máa lù kìkì, èémí á yára, ṣúgà á ya wọnú ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn kẹ́míkà mìíràn tó ń jẹ́ cortisol á tẹ̀ lé e kí agbára yẹn má bàa tètè tán. Nǹkan tí Ọlọ́run dá mọ́ wa ni, kéèyàn lè sá fún ewu tàbí kó dojú ìjà kọ ọ́, tí ewu bá sì ti lọ ara á padà sípò. Ṣùgbọ́n ìmeèlì ò ṣeé sá fún, kò sì ṣeé bá jà, òmíràn á tún wọlé kí ara tó rọlẹ̀ látọ̀dọ̀ ti àkọ́kọ́, bí ara ṣe máa wà ní gírí látàárọ̀ dalẹ́ nìyẹn, lójoojúmọ́, oorun á dá, ẹ̀jẹ̀ á máa ru, èèyàn á délé á máa jágbe mọ́ àwọn tí ò ṣẹ̀ ẹ́.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àjọ àgbáyé tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́ jọ gbé ìwádìí kan jáde, wọ́n ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu pé kó ní àrùn rọpárọsẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ, ewu pé kí àrùn ọkàn pa á náà fi nǹkan bí ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún jù ú lọ. Wọ́n ṣírò ẹ̀ pé ní 2016 nìkan, nǹkan bí 745,000 èèyàn ló kú látara rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn tí iṣẹ́ wákàtí gbọọrọ fà. Ní orílẹ̀-èdè Japan, ìjọba fúnra ẹ̀ gbà pé àṣejù iṣẹ́ ń pa èèyàn, wọ́n máa ń san owó fún ẹbí ẹni tó bá ti ara ẹ̀ kú, ní 2014 wọ́n sì ṣòfin kan láti dènà ẹ̀. Torí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé iṣẹ́ kì í pa èèyàn, ẹ má dá a lóhùn. Ó ń pa èèyàn. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fúnni.

Ó dáa, ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Iṣẹ́ tó ń súni, àwọn èèyàn kì í káàánú ẹni tó ń ṣe é rárá, ó sì máa ń dùn mí. Ẹni tí iṣẹ́ ti rẹ̀ á lè lọ bá ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó lè ní ìyà ń jẹ mí, wọ́n á ní pẹ̀lẹ́. Ẹni tí iṣẹ́ ti sú, tó bá lanu báyìí, wọ́n á ní ṣé o fẹ́ kí àwọn tí ò níṣẹ́ wá gbà á lọ́wọ́ ẹ ni, ẹni tó ń gbowó oṣù láìṣe nǹkan kan. Bó ṣe máa panu mọ́ nìyẹn, tójú á máa tì í pé òun ò mọ oore. Ohun téèyàn ò lè sọ jáde, inú ló ń jẹ.

Ẹ gbọ́ ìwádìí kan. Ní 2014, Timothy Wilson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Virginia l'Amẹ́ríkà fi àwọn èèyàn sínú yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí fóònù, kò sí ìwé kíkà, kò sí ẹni tí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀, ohun kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni bọ́tìnnì kan tó jẹ́ pé tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ iná ẹ̀lẹ́tíríkì á ta wọ́n. Wọ́n ti jẹ́ kí wọ́n tọ́ iná yẹn wò ṣáájú, àwọn tí mo ń sọ yìí sì ti fẹnu ara wọn sọ pé àwọn ṣe tán láti sanwó kó má bàa ta àwọn mọ́. Ìṣẹ́jú 15 péré ni wọ́n ní kí wọ́n fi jókòó ronú. Nínú ọkùnrin 18, méjìlá fọwọ́ ara wọn tẹ bọ́tìnnì yẹn, nínú obìnrin 24, mẹ́fà tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú 15 o! Tí èèyàn bá lè yan ìrora dípò kó jókòó lásán fún ìṣẹ́jú 15, ẹ wá wo ẹni tó ti ń ṣe é láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ní ọ́fíìsì kan náà, lórí àga kan náà.

Kì í tún ṣe pé iṣẹ́ tó ń súni rọ èèyàn lọ́rùn bí wọ́n ṣe máa ń sọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé àwọn tó ń wo rédà láti fi wá ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ọ̀tá máa ń fojú fo ohun tó wà níwájú wọn gan-an. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Norman Mackworth ló ṣèwádìí ẹ̀, ó ṣe nǹkan kan tó jọ ojú aago, ọwọ́ kan ló ní, ọwọ́ yẹn á máa sún díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló máa ń ṣàdédé fo ìlọ́po méjì, iṣẹ́ ẹni tó jókòó síwájú ẹ̀ ò ju kó tẹ nǹkan tó bá ti rí i pé ó fo bẹ́ẹ̀, fún wákàtí méjì gbáko. Èsì tó tẹ̀ jáde ní 1948 fi hàn pé láàárín ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ ni ojú àwọn èèyàn yẹn ti ń kọ̀ ọ́, wọ́n ń pàdánù ohun tí wọ́n ń wá. Kì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ o. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ ẹ̀dá ṣe rí, kò lè fojú sí ohun tí kì í yí padà fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ wá fi ìyẹn wo ẹni tó ń ṣọ́ kámẹ́rà lóru ní ilé ńlá kan. Ojú tẹlifíṣọ̀n ló wà níwájú ẹ̀, wọ́n pín in sí ojú wẹ́wẹ́ mẹ́rìndínlógún, ọ̀kan ń fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn hàn, ọ̀kan ń fi àtẹ̀gùn hàn, ọ̀kan ń fi ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí hàn, láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di mẹ́fà àárọ̀, ilẹ̀kùn yẹn ò ṣí, àtẹ̀gùn yẹn ò sẹ́ni tó gbà á. Kò gbọ́dọ̀ sùn, kò gbọ́dọ̀ tẹ fóònù, kò gbọ́dọ̀ kàwé. Tó bá lọ tọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, tí olè sì gba ẹ̀yìn wọlé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi í ni pé níbo lo wà. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àyà ẹ̀ kì í fi balẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ yẹn, ẹ̀gbẹ́ wo lẹ máa kà á sí? Ṣé èyí tó ń súni ni àbí èyí tó ń kó wàhálà báni? Ẹ fi ìbéèrè yẹn sọ́kàn, a ṣì ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Àwọn ibi kan tún wà tó jẹ́ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ máa ń fi àìríṣẹ́ ṣe jẹ òṣìṣẹ́ níyà. Ní Japan tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ó pẹ́ tí àwọn iléeṣẹ́ ti máa ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ tó ti dàgbà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tábìlì wà, àga wà, owó oṣù ń wọlé, iṣẹ́ ni ò sí, wọ́n ò lè lé wọn, wọ́n ń retí kó sú wọn kí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde. Ní Paris, ọ̀gá kan ní iléeṣẹ́ kan gbé àwọn tó gbà á síṣẹ́ lọ sí kóòtù pé wọ́n gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ òun, wọ́n fi òun sílẹ̀ láìsí nǹkan gidi kan tóun ń ṣe títí ara òun fi bàjẹ́, ní 2020 kóòtù ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀ dá a láre, wọ́n ní ìyà tó bá irú èyí tí wọ́n fi ń halẹ̀ mọ́ òṣìṣẹ́ dọ́gba ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Inú mi dùn sí ìdájọ́ yẹn gan-an, torí pé ó sọ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò lè sọ lẹ́nu.

Ohun tó wá ń bà mí lẹ́rù jù nínú iṣẹ́ tó ń súni ni pé kì í dúró síbi iṣẹ́. Robert Karasek, onímọ̀ kan tó ń ṣèwádìí lórí iṣẹ́, tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣì ń bọ̀ níwájú, fi ìwádìí tó ṣe lórí àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Sweden sọ pé àwọn tí iṣẹ́ wọn ò béèrè nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́ wọn, tí wọn ò sì láṣẹ lórí nǹkan kan, kì í fi àsìkò tó ṣẹ́ kù ṣe nǹkan gidi nílé. Èèyàn á rò pé nígbà tí iṣẹ́ ò rẹ̀ wọ́n wọ́n á délé, wọ́n á kọ́ nǹkan tuntun, wọ́n á dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́, wọ́n á dá sọ́rọ̀ ìlú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń fà sẹ́yìn nílé náà bí wọ́n ṣe fà sẹ́yìn níbi iṣẹ́. Ẹni tí wọn ò bi léèrè nǹkan kan láti ọdún yìí wá, ó máa dé ibì kan tí òun náà ò ní bi ara ẹ̀ léèrè nǹkan kan mọ́.

Àwọn kan á ní ṣé ó wá ń pa èèyàn ni, bí wàhálà ṣe ń pa èèyàn? Ní 2010 Annie Britton àti Martin Shipley wo àkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, wọ́n rí i pé àwọn tó sọ láàárín 1985 sí 1988 pé nǹkan máa ń sú àwọn gan-an, wọ́n kú ju àwọn yòókù lọ ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ni ká sọ, nígbà tí wọ́n ka ipò tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́, bí ìlera wọn ṣe rí àti bóyá wọ́n máa ń ṣe eré ìmárale mọ́ ọn, ìyàtọ̀ yẹn dín kù gan-an. Torí náà mi ò ní sọ pé sísú nìkan ń pa èèyàn. Tó bá jẹ́ ikú la fi ń wọ̀n ọ́n, wàhálà ló burú jù, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ṣé wàhálà fúnra ẹ̀ ni, àbí nǹkan mìíràn tó máa ń bá a rìn?

Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn àwọn ọ̀bọ kan fún yín, torí ìtàn yẹn ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Ní 1958, Joseph Brady l'Amẹ́ríkà so ọ̀bọ ní méjì méjì mọ́ àga, iná ẹ̀lẹ́tíríkì á máa ta àwọn méjèèjì pa pọ̀, àmọ́ ọ̀kan nínú wọn ní ọ̀pá kan níwájú ẹ̀ tó jẹ́ pé tó bá ń tẹ̀ ẹ́ déédéé iná náà ò ní wá, kò ní ta òun, kò ní ta ẹnì kejì ẹ̀. Èyí tó ń tẹ ọ̀pá yẹn ni wọ́n pè ní ọ̀gá. Ó ṣẹlẹ̀ pé àwọn ọ̀gá yẹn ni ọgbẹ́ inú pa, àwọn tó kàn jókòó ò ní nǹkan kan. Báyìí ni gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹ ò rí i, ipò ọ̀gá ló ń fa àìsàn, ìrònú ló ń pa ọ̀gá. Àwọn ọ̀gá náà sì gbádùn ọ̀rọ̀ yẹn o, torí ó jẹ́ kó dà bíi pé àwọn ló ń jìyà nítorí gbogbo ènìyàn.

Ohun tí wọn ò tètè rí ni pé Brady ò kàn mú ọ̀bọ bó ṣe bá a, èyí tó ń tètè tẹ ọ̀pá nígbà ìdánwò àkọ́kọ́ ló fi ṣe ọ̀gá, èyí tí ara ẹ̀ kì í balẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí Jay Weiss wá lo eku lẹ́yìn náà, tí kò ṣà wọ́n, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Ó fi eku mẹ́ta mẹ́ta sínú àpótí, wọ́n so wáyà mọ́ ìrù wọn. Ọ̀kan ní wíìlì kékeré kan níwájú tó bá yí i iná á dáwọ́ dúró, èkejì ní wíìlì tí ò ṣiṣẹ́ kan kan, iná tó bá ta àkọ́kọ́ ló ń ta òun náà, ìṣẹ́jú àáyá kan náà, agbára kan náà. Ẹ̀kẹta, iná ò ta á rárá. Èyí tí wíìlì ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ ni inú ẹ̀ kún fún ọgbẹ́, èyí tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ pa iná, ọgbẹ́ tiẹ̀ kéré gan-an ní ìfiwéra. Iná kan náà ló ta àwọn méjèèjì o! Ọwọ́ ọ̀kan tó o, ọwọ́ ìkejì ò tó o.

Eku kì í ṣe èèyàn, mo mọ̀. Ẹ wá jẹ́ ká wo èèyàn. Ní 1985 ni Michael Marmot àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé òṣìṣẹ́ ìjọba 10,308 ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ọkùnrin àti obìnrin, ẹni ọdún 35 sí 55, láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá pátápátá tí ìpinnu ìlú wà lọ́wọ́ wọn títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to fáìlì. Ká ní ìrònú iṣẹ́ ló ń pa èèyàn, àwọn ọ̀gá yẹn ló yẹ kí àrùn ọkàn máa mú. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló ń mú jù. Nígbà tí wọ́n sì tú u wò, ní 1997 wọ́n fi hàn pé ẹni tí ò ní àṣẹ lórí bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀, ìgbà tó máa ṣe é, ọ̀nà tó máa gbà ṣe é, òun ni àrùn ọkàn ń tètè bá. Karasek ti sọ irú ẹ̀ ní 1979, pé ohun tó ń ba òṣìṣẹ́ jẹ́ ni kí wọ́n béèrè ohun púpọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ kí wọ́n sì di ọwọ́ ẹ̀. Ẹni tí wọ́n béèrè ohun púpọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, tí wọ́n sì fún un láyè láti ṣe é bó ṣe yé e, irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń gbọ́n sí i ni, ó máa ń dàgbà nínú iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣọ́ kámẹ́rà. A máa ń bi ìbéèrè yìí bíi pé sísú wà lápá ọ̀tún, wàhálà wà lápá òsì, téèyàn bá ti kúrò nínú ọ̀kan á bọ́ sínú èkejì. Irọ́ ni. Iṣẹ́ tó burú jù láyé yìí, lójú tèmi, ni èyí tó kó méjèèjì pọ̀, irú ẹ̀ sì pọ̀ lóde òní ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ wo ẹni tó ń gba fóònù níbi tí wọ́n ti ń dá kọ́sítọ́mà lóhùn. Ó ti gbé nǹkan sétí láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Ọ̀rọ̀ tó máa sọ wà lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún un, láti orí "ẹ káàárọ̀, báwo ni mo ṣe lè ràn yín lọ́wọ́" títí dé "ṣé ohun mìíràn tún wà". Kò gbọ́dọ̀ yà kúrò lórí ẹ̀, torí wọ́n ń gbà á sílẹ̀, ẹnì kan máa gbọ́ ọ lẹ́yìn náà, á sì fún un ní máàkì. Ní igun òkè lọ́wọ́ ọ̀tún, aago kan ń ka ìṣẹ́jú àáyá, ó wà ní àwọ̀ ewé, tó bá pẹ́ jù á di yẹ́lò, tó bá tún pẹ́ á di pupa. Nísàlẹ̀ ẹ̀, iye àwọn tó ń dúró lórí ìlà wà níbẹ̀, mọ́kànlá, mẹ́rìnlá, mọ́kàndínlógún. Ẹni tó pè é ti bínú tẹ́lẹ̀ kó tó pè, owó ẹ̀ ló há sọ́nà, ó ń bú u fún ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ẹ̀, tí kò sì lágbára láti ṣe àtúnṣe ẹ̀, kò ju kó ní ẹ má bínú, a máa fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bójú tó o. Ó gé fóònù, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, òmíràn wọlé, ìbéèrè kan náà, èébú kan náà. Tó bá fẹ́ lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ó máa tẹ bọ́tìnnì kan, kọ̀ǹpútà á máa ka ìyẹn náà.

Iṣẹ́ yẹn súni, kò sóhun tuntun kankan níbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Iṣẹ́ yẹn sì ń kó wàhálà báni, àyà ẹ̀ ò balẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Eku tí wíìlì ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ ni. Tí mo bá sì gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé ọmọ yẹn ò mọ̀ pé òun ń gbádùn, inú ọ́fíìsì oníésì ló kúkú jókòó sí, ó máa ń bí mi nínú.

Àwọn kan á ní owó ni kí wọ́n fi kún un. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti owó, torí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní 1913, nígbà tí iléeṣẹ́ mọ́tò Ford l'Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìlà tí mọ́tò ń gba iwájú òṣìṣẹ́ kọjá, tí ẹnì kan á máa di bóòtù kan náà látàárọ̀ dalẹ́, àwọn èèyàn ń sá lọ débi pé iye tí wọ́n ní láti gbà láàárín ọdún yẹn tó ìlọ́po mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ iye òṣìṣẹ́ tó yẹ kó wà níbẹ̀, ìdá 370 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ní January 1914 Henry Ford kéde dọ́là márùn-ún lóòjọ́, ó fi ju ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Àwọn èèyàn dúró. Iṣẹ́ náà ò yí padà o, bóòtù yẹn náà ni wọ́n ń dì. Owó lè mú kéèyàn fara dà á, ó sì dáa kí wọ́n san án, àmọ́ kò ní kó má sú u.

Ibi tí mo dúró sí rèé o. Tẹ́ ẹ bá fi dandan lé e pé kí n mú ọ̀kan, màá mú iṣẹ́ tó ní wàhálà, bí mo bá lè sọ pé rárá níbẹ̀, tí mo lè yí bí mo ṣe ń ṣe é padà, tí mo sì mọ ìgbà tó máa parí lójúmọ́. Màá mú un ṣáájú iṣẹ́ tó ń súni nígbàkigbà. Dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ, wàhálà ń bẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ ló di ọ̀bẹ mú. Àmọ́ tí wọ́n bá ti di ọwọ́ mi, tí wákàtí sì ti ń sún mọ́ 55 yẹn lọ́sẹ̀, mi ò ní dúró wò ó, ara ni mo máa fi san án. Láàárín àwọn méjèèjì yìí ni iṣẹ́ tó kàn ń súni wà, kò ní tètè pa mí, ṣùgbọ́n tí mo bá pẹ́ níbẹ̀ jù mi ò ní mọ nǹkan tí mo lè ṣe mọ́.

Ìdí sì nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kẹ́ni tí wàhálà ti rẹ̀ sáré lọ wá iṣẹ́ tó ń súni láti fi ṣe oògùn. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì, ọ̀pọ̀ tíṣà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀ lọ jókòó sídìí tábìlì níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé lásán. Oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ máa dùn, oorun á padà, ara á balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago, torí ohun tó lé wọn níbẹ̀ yẹn kì í ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú tàbí iṣẹ́ ìkọ́ni, àìsí ọwọ́ wọn nínú ìpinnu ni, ìyẹn náà sì ti ṣáájú wọn dé ọ́fíìsì tuntun. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ ní 2019 pé àmì mẹ́ta ló wà fún kí iṣẹ́ ti jó èèyàn tán: kí okun tán nínú ẹ̀, kí iṣẹ́ náà di ohun tó kórìíra tàbí tí ọkàn ẹ̀ ti kúrò níbẹ̀, kó sì máa rí i pé ohun tóun ń ṣe ò já mọ́ nǹkan kan mọ́. Ìsinmi lè wo ti àkọ́kọ́ sàn. Méjì yòókù, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ tó ń súni ò lè wò wọ́n, wọ́n tilẹ̀ máa ń le sí i níbẹ̀ ni.

Lẹ́yìn tí mo sọ èyí tán, ọmọbìnrin kan dìde lẹ́yìn níbẹ̀, ó ní ẹ ṣeun sà, gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ló yé mi, iṣẹ́ fóònù yẹn gan-an lèmi ń ṣe, ṣùgbọ́n mi ò lè fi í sílẹ̀, èmi ni mò ń sanwó ilé, kí ni kí n ṣe? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ pé ó béèrè. Mo ní má fi í sílẹ̀ títí wàá fi rí òmíràn. Ṣùgbọ́n nǹkan wà tó o lè béèrè fún láti ọ̀la lọ. Àwọn tó ń jókòó sílẹ̀ darí bí ọkọ̀ òfuurufú ṣe ń lọ tó ń bọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ò sábà gbà kí wọ́n jókòó sídìí iṣẹ́ ju wákàtí méjì lọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbọ́dọ̀ dìde sinmi fún ìdajì wákàtí kí wọ́n tó padà. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní ọ̀lẹ. Ẹ̀yin náà lè ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ máa pààrọ̀, kí àwọn kan gba fóònù láàárọ̀, kí wọ́n dáhùn ìmeèlì lọ́sàn-án, kí àwọn yòókù ṣe òdìkejì ẹ̀. Ẹ lè ní kí wọ́n yọ aago yẹn kúrò tí ẹni tó pè bá ní ìṣòro tó le, kẹ́ ẹ lè fara balẹ̀ yanjú ẹ̀. Ẹ lè béèrè fún agbára láti dá owó kékeré padà fún kọ́sítọ́mà fúnra yín láìdúró de ọ̀gá. Má dá a béèrè o, ẹni kan ṣoṣo rọrùn láti pa lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni kẹ́ ẹ jọ kọ ọ́, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gan-an, kẹ́ ẹ dá ọjọ́ tẹ́ ẹ máa fi dán an wò, kí wọ́n lè rí i pé ẹ ti rò ó dáadáa.

Ó bi mí pé èwo ni káwọn kọ́kọ́ kọ. Mo ní ti pípààrọ̀ yẹn, torí òun ni kò ní ná máníjà lówó kankan, tó bá sì gba ọ̀kan, á rọrùn fún un láti gbọ́ ìkejì. Tó bá kọ̀, kí wọ́n ní kó kọ ìdí ẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n tún padà lọ béèrè lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.